Lẹ́tà Inú Ilé Mẹ́jọ Lọ́nà Mẹ́jọ

Àwọn àgbà a máa wí pé bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹ̀rí sí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo àwọn lẹ́tà gbágungbàgun tí ó kún ojú géèmù àtijọ́ àti ojú tẹlifóònù alágbèéká ìgbà àkọ́kọ́: lẹ́tà tí etí rẹ̀ rí bí àtẹ̀gùn, tí a to ẹyọ onígun mẹ́rin kan lé òmíràn títí ó fi di A tàbí B. Lóde òní, ọ̀ṣọ́ ni a ń fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe. A ń tẹ̀ ẹ́ sára ẹ̀wù, a ń kọ ọ́ sára ìwé ìkéde, àwọn tí ó ń ṣe géèmù sì ń lò ó láti rán ènìyàn létí ìgbà tí ó ti kọjá.

Ṣùgbọ́n a kò bí lẹ́tà yìí sínú ọ̀ṣọ́. Inú àìní ni a bí i sí. Ohun méjì ni ìtàn rẹ̀ sì fi kọ́ àwa tí a ń fi èdè ṣe iṣẹ́. Èkíní ni pé ọgbọ́n ọmọ ènìyàn lè sọ ààyè híhá di ẹwà. Èkejì, tí ó kàn wá jù, ni pé ẹni tí ó wọn ààyè náà, èdè tirẹ̀ ni ó fi wọ̀n ọ́n; àwọn èdè mìíràn, tí tiwa wà lára wọn, dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Ọpọ́n tí ó ní ilé 64

Ẹ jẹ́ kí a fi ọpọ́n ayò ṣe àkàwé. Ọpọ́n ayò ní ilé 12, inú ilé ni a sì ń kó ọmọ ayò sí. Ẹ wá fi ojú inú wo ọpọ́n mìíràn tí ó ní ilé 8 ní ìbú àti ilé 8 ní òró, èyí tí í ṣe ilé 64, tí òfin rẹ̀ sì sọ pé ọmọ ayò kan péré ni ó lè wọ ilé kan. Ilé tí ó bá ní ọmọ yóò tan ìmọ́lẹ̀. Ilé tí kò bá ní yóò ṣókùnkùn. Bí a bá fẹ́ kọ L, a ó kó ọmọ sí àwọn ilé ọwọ́ òsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó sì kó òmíràn sí ìpele ìsàlẹ̀ láti òsì dé ọ̀tún. Ó parí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ S tàbí O ni a fẹ́ kọ, níbẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí bí a ti lè fi ilé onígun mẹ́rin kọ ohun róbótó. A ó kàn fi ọgbọ́n tan ojú jẹ ni. Ilé kọ̀ọ̀kan yìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní píkísẹ̀lì. Nínú àròkọ yìí, ilé ni a ó máa pè é.

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ni ó kọ́kọ́ mú ọgbọ́n yìí wá. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Yúróòpù ti ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú kọ lẹ́tà sára aṣọ, tí wọ́n ń ka ojú aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1928, ìwé ìròyìn New York Times fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún gílóòbù iná yí ilé rẹ̀ ká ní Times Square, tí ìròyìn ìdìbò Ààrẹ Amẹ́ríkà sì ń rìn lọ lára ilé náà ní lẹ́tà iná. Bí gílóòbù kan bá tàn, tí èkejì rẹ̀ kú, lẹ́tà ni àwọn tí ó dúró nísàlẹ̀ ń rí.

Ní ọdún 1965, Rudolf Hell, ará Jámánì, gbé ẹ̀rọ ìtòwé kan tí ó ń jẹ́ Digiset jáde. Ẹ̀rọ yìí kò lo òjé mọ́. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ ni ó fi ń kọ lẹ́tà. Wim Crouwel, ará Hóláńdì, wo ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kọ, ó sì rí i pé ibi tí lẹ́tà bá ti tẹ̀ ni ó ti ń bàjẹ́. Ní ọdún 1967 ó gbé àbá kan jáde tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní New Alphabet. Ó ní bí ẹ̀rọ kò bá mọ ìtẹ̀ í kọ, kí a kúkú ṣe lẹ́tà tí kò tẹ̀. Ìlà ìbú àti ìlà òró ni ó fi ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì gé igun wọn díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ṣòro láti dá mọ̀, Crouwel fúnra rẹ̀ kò sì retí pé kí a máa fi wọ́n tẹ ìwé tí ènìyàn yóò kà lójoojúmọ́. Ìbéèrè ni ó ń béèrè: ṣé lẹ́tà ni yóò tẹrí ba fún ẹ̀rọ ni, tàbí ẹ̀rọ ni yóò tẹrí ba fún lẹ́tà? Ìbéèrè yìí kò tíì kúrò nílẹ̀ títí di òní olónìí.

Ìgbà tí ààyè wọ́n bí ojú

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ ilé 8 lọ́nà 8? Ìṣirò ni. Nínú ìrántí ẹ̀rọ, ilé tí ó tàn àti ilé tí kò tàn, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ 8 ni ó ń para pọ̀ di báìtì kan. Nítorí náà ìpele kan nínú ọpọ́n wa gba báìtì 1, lẹ́tà kan gba báìtì 8, lẹ́tà 64 sì gba báìtì 512. Lójú wa lónìí èyí kò tó nǹkan, nítorí àwòrán kan tí a fi tẹlifóònù yà lè gbà ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Apple II jáde ní ọdún 1977, èyí tí ó kéré jù nínú wọn ní báìtì 4,096 péré fún gbogbo iṣẹ́ tí ẹni tí ó rà á fẹ́ ṣe. Lẹ́tà inú rẹ̀ kò ju 64 lọ, àmì ìdánudúró àti òǹkà pẹ̀lú. Lẹ́tà ńlá nìkan ni ó sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ a kékeré, ó di ọwọ́ rẹ̀.

Inú irú ọ̀dá bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà tí ó lókìkí jù lára ìran yìí ti jáde. Toshi Omagari, ọmọ ilẹ̀ Japan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíya lẹ́tà, ṣe ìwádìí sí lẹ́tà inú géèmù, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 2019. Ó tọpa lẹ́tà náà dé inú Quiz Show, géèmù tí Kee Games, ilé iṣẹ́ kan lábẹ́ Atari ní Kalifọ́níà, gbé jáde ní ọdún 1976. Ó sì bọ́gbọ́n mu pé inú géèmù bẹ́ẹ̀ ni ó ti wá, nítorí ìbéèrè àti ìdáhùn ni gbogbo eré náà, ìwé kíkà ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ilé 7 lọ́nà 7 ni a fi kọ lẹ́tà ńlá kọ̀ọ̀kan. A fi ìpele kan àti ọ̀wọ́ kan sílẹ̀ lófìfo kí lẹ́tà má baà lẹ̀ mọ́ ara wọn. Àwọn ìlà tí ó dúró ní òró nípọn ní ilé 2, àwọn tí ó dùbúlẹ̀ ní ìbú sì nípọn ní ilé 1. Kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà ń fi ìtànṣán kan ya àwòrán láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ìlà ìbú kò ni ín lára, nítorí ọ̀nà rẹ̀ ni ó ń bá lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi ìlà òró tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní láti tàn kí ó sì kú ní ìṣẹ́jú àáyá, ìlà náà a sì ṣe bàìbàì. Nígbà tí a sọ ọ́ di 2, ó hàn kedere. Àìlera ẹ̀rọ ni ó bí ìrísí náà, ìrísí náà sì dára.

Namco, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, gba lẹ́tà yìí, ó fi kọ ọ̀rọ̀ inú Galaxian ní ọdún 1979 àti Pac-Man ní ọdún 1980, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Báyìí ni lẹ́tà tí a yà fún ìbéèrè àti ìdáhùn ní Kalifọ́níà ṣe di ohùn géèmù jákèjádò ayé.

Obìnrin tí ó fún lẹ́tà ní ìwà

Títí di ìgbà yìí, ilé kan náà ni gbogbo lẹ́tà ń gbà. I tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná àti M tí ó fẹ̀ bí ìyá olóńjẹ, ẹní kan náà ni wọ́n ń sùn lé. Ẹni tí ó yí èyí padà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni Susan Kare. Obìnrin yìí kò fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ni ó kọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì New York ní ọdún 1978. Andy Hertzfeld, tí wọ́n jọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, ni ó pè é wá sí Apple, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1983. Pépà tí a fi ìlà pín sí igun mẹ́rin kéékèèké wà lára ohun èlò rẹ̀: ó ń kun ilé kan, ó ń fi òmíràn sílẹ̀.

Macintosh jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kìíní ọdún 1984. Ojú rẹ̀ ní ilé 512 ní ìbú àti 342 ní òró, dúdú àti funfun nìkan. Lẹ́tà tí Kare yà fún àkọlé àti àtòjọ àṣẹ orí rẹ̀ ni Chicago. Nínú Chicago, lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ààyè tẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́tà gbòòrò gba ààyè gbòòrò, ọ̀rọ̀ sì wá rí bí ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ìlà ìbú, ìlà òró àti ìlà tí ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan déédéé ni ó fi ṣe é, kí etí àtẹ̀gùn má baà hàn jù. Ó mú un nípọn pẹ̀lú, nítorí nígbà tí àṣẹ kan kò bá ṣeé lò, ẹ̀rọ náà a máa yọ ilé kan, kí ó fi ọ̀kan sílẹ̀, kí ó lè dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ń parẹ́. Bí a bá yọ ìdajì Chicago kúrò, a ṣì lè kà á.

Orúkọ àwọn lẹ́tà Kare ní ìtàn tirẹ̀. Orúkọ àwọn ibùdókọ̀ ojú irin ní agbègbè Philadelphia, níbi tí òun àti Hertzfeld ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ni wọ́n kọ́kọ́ fún wọn: Overbrook, Merion, Ardmore, Rosemont. Steve Jobs ní bí ó bá jẹ́ orúkọ ìlú ni, kí ó jẹ́ ti àwọn ìlú tí gbogbo ayé mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní Chicago, New York àti Geneva. Chicago pẹ́ láyé: Mac OS 8 ti ọdún 1997 ni ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí iPod jáde ní ọdún 2001, tí ojú rẹ̀ kéré, Chicago ni a tún lọ pè wá láti oko ìfẹ̀yìntì.

Ẹnìkan tún wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Zuzana Licko ni, tí a bí ní Bratislava ní ọdún 1961, tí ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Òun àti ọkọ rẹ̀, Rudy VanderLans, ni ó ń ṣe ìwé àtìgbàdégbà Emigre ní Kalifọ́níà. Ní ọdún 1985, lórí Macintosh tuntun, Licko ya Emperor, Oakland àti àwọn lẹ́tà mìíràn. Àwọn ayàwòrán lẹ́tà tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń retí ọjọ́ tí ẹ̀rọ yóò dára tó láti kọ lẹ́tà àtijọ́. Licko kò retí. Ó gbà pé àbùkù tí ẹ̀rọ ní, ìwà rẹ̀ ni. Kí a sì ya lẹ́tà tí ó bá ìwà náà mu, nítorí ohun tí ojú bá ti mọ́ ni ojú ń kà pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Láti ọwọ́ rẹ̀ ni ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń fara dà ti di ohun tí a fẹ́.

Ikú àti àjíǹde

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dá tán. PostScript ti Adobe dé ní ọdún 1984, TrueType ti Apple sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1991. Nínú ètò tuntun yìí, a kì í tọ́jú ilé tí ó tàn mọ́. Ìlà etí lẹ́tà ni a ń tọ́jú, ẹ̀rọ yóò sì fà á tóbi tàbí kí ó sún un kì. Ojú kọ̀ǹpútà náà dára sí i, títí ojú ènìyàn kò fi rí ilé kọ̀ọ̀kan mọ́. Lẹ́tà inú ilé mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ kò ní iṣẹ́ mọ́.

Síbẹ̀ kò kú pátá. Jason Kottke ya Silkscreen ní ọdún 1999 fún ọ̀rọ̀ kéékèèké orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí lẹ́tà olójú jọ̀lọ̀ ti ń di àbàtà. Minecraft, géèmù tí ọ̀pọ̀ ọmọdé ayé mọ̀, ń lò ó. Press Start 2P, tí a yà láti ara lẹ́tà Namco ìgbà náà, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní Google Fonts. Bẹ́ẹ̀ ni pátákó iná tí ó ń sáré lójú bọ́ọ̀sì àti lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ ṣì wà, tí ilé iná rẹ̀ kò pọ̀, tí kò sì sí lẹ́tà mìíràn tí ó lè wọ ibẹ̀. Ìdí kan sì tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀: ẹnìkan ṣoṣo lè jókòó kí ó ya gbogbo ábídí ní ọ̀sán kan, láìsí ọ̀gá, láìsí ilé iṣẹ́.

Èdè tí kò rí ilé

A ti yin ọgbọ́n wọn. Ó tó kí a wo ẹ̀yìn aṣọ náà. Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí, lẹ́tà 26 ti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi wọ̀n ọ́n. Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí èdè tí kò bá ìwọ̀n náà mu?

Japan fúnra rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò. Lẹ́tà katakana ìpìlẹ̀ jẹ́ 46, àmì kéékèèké méjì sì máa ń wà ní èjìká òmíràn láti yí ìró rẹ̀ padà. Nínú ilé 8 lọ́nà 8, àmì náà kò rí ibi dúró. Ní Dragon Quest, géèmù tí ó jáde ní ọdún 1986, wọ́n gbé àmì náà sí ilé mìíràn lókè lẹ́tà, bí ẹni gbé fìlà sórí àjà. Nítorí pé ìrántí géèmù náà kò tó, wọ́n dín katakana kù sí nǹkan bí 20 péré, àwọn lẹ́tà tí ó kù náà ni wọ́n sì fi sọ àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ní orúkọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ; àwọn tiwọn, lẹ́tà ni wọ́n wò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ Japan ni ó ṣe ìpinnu yìí fún èdè Japan. Ọwọ́ wọn ni ọ̀bẹ wà.

Ní tiwa, ọ̀bẹ kò sí lọ́wọ́ wa. Nígbà tí kọ̀ǹpútà IBM jáde ní ọdún 1981, ààyè lẹ́tà 256 ni ó ní. Nítorí àwọn èdè Yúróòpù, wọ́n fi àwọn lẹ́tà olóhùn sí i, ó sì ya ènìyàn lẹ́nu pé gbogbo à, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù, ú kékeré ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀. Nítorí náà ọmọ Yorùbá tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ yìí lè kọ bàtà, kò lè kọ ẹsẹ̀ tí yóò wọ̀ ọ́. Ó lè kọ ilé, kò lè kọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ṣé ààyè ni kò sí? Nínú 256 yẹn kan náà, a rí ojú tí ó ń rẹ́rìn-ín 2, àmì káàdì 4 àti àmì orin 2. Ìyẹn jẹ́ 8. Lára lẹ́tà kékeré tí èdè wa nílò lẹ́yìn èyí tí ó wà níbẹ̀ ni ẹ, ẹ́, ẹ̀, ọ, ọ́, ọ̀ àti ṣ. Ìyẹn jẹ́ 7. A kò sọ pé ìkórìíra ni. Oníṣòwò ń ro ti oníbàárà rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó béèrè ẹ ní ọjà tí ó ń ná. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé ẹ̀rọ ni kò gbà.

Àìsí ní ibi ìpín náà tẹ̀ lé wa dé inú tẹlifóònù. Ní ọdún 2001 tí ètò GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, irú tẹlifóònù bíi Nokia 3310, tí ojú rẹ̀ kò ju ilé 84 lọ́nà 48 lọ, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ránṣẹ́. Nínú ábídí ètò GSM, à, è, é, ì, ò àti ù wà. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì ni àwọn ará Ítálì ń lò nínú èdè wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ rí ilé márùn-ún, ohùn òkè rí ẹyọ kan. Lẹ́tà 160 ni ó sì wọ àtẹ̀jíṣẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ tàbí ọ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di 70. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ èdè rẹ̀ dáadáa, owó ni yóò fi san án. Ta ni kò ní yọ àmì kúrò? Bẹ́ẹ̀ ni "owo" ṣe di owó, òwò, ọwọ́, ọwọ̀ àti ọ̀wọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹni tí ó gba ìwé sì ń méfò. Àṣà kíkọ Yorùbá láìsí àmì, tí àwọn olùkọ́ wa ń bá wí lónìí, kì í ṣe ọ̀lẹ nìkan ni ó bí i. Ọpọ́n tí a kò bá wa gbẹ́ wà lára òbí rẹ̀.

Àwọn ará Vietnam, tí lẹ́tà tiwọn náà ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, ṣe ohun tí àwa kò ṣe. Àwọn ọmọ wọn kó ara wọn jọ, wọ́n sì gbé ètò lẹ́tà tiwọn, VISCII, jáde ní ọdún 1992. Nígbà tí ẹ̀dà 1.1 ti Unicode, ètò tí ó fẹ́ kó lẹ́tà gbogbo ayé pọ̀, jáde ní ọdún 1993, lẹ́tà Vietnam wọ inú rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Lára wọn ni ẹ àti ọ. Ní ti ṣ, àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó ń fi lẹ́tà òyìnbó kọ èdè Índíà ni ó nílò rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni a gùn wọ ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní ẹyọ tiwọn títí di òní. Lẹ́tà kan àti àmì ohùn kan ni a ń so pọ̀, bí ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì kò bá sì sọ ibi tí àmì yóò dúró sí, àmì a fò lọ sórí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìpele kan ṣoṣo

Bí a bá wá fẹ́ ya lẹ́tà yìí fún Yorùbá, báwo ni yóò ti rí? Ẹ jẹ́ kí a kà á. Nínú ọpọ́n 8 lọ́nà 8 ti IBM, àmì ohùn é wà ní ìpele kìíní, ìpele kejì ṣófo, ara lẹ́tà gba ìpele 3 sí 7, ìpele kẹjọ sì ṣófo. Nítorí pé ìpele kan kò tó kí ìlà fi dà sí ẹ̀gbẹ́, ṣe ni wọ́n tẹ́ àmì è pẹrẹsẹ sí ọwọ́ òsì, tí wọ́n tẹ́ ti é sí ọwọ́ ọ̀tún. OníFaransé lè fi òye rọ́gbọ́n sí i. Fún wa, ìyàtọ̀ láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gan-an.

Kíkán abẹ́ lẹ́tà ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ kíkán tí ó dá dúró, ó nílò ìpele òfìfo kan àti ìpele tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn bàbá wa tẹ̀ kò lo kíkán. Ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán, tí ó so mọ́ ìdí lẹ́tà, ni wọ́n lò. Ìlà yìí kò nílò ju ìpele kẹjọ tí ó ṣófo yẹn lọ. Kìkì pé a ó fi ìpele kan kún un nísàlẹ̀, kí ìdí ẹ má baà gbá àmì orí ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìpele 9 dípò 8: ohun tí ó wà láàárín èdè wa àti ọpọ́n náà kò ju báyìí lọ fún lẹ́tà kékeré. Bí a bá fẹ́ kí àmì ohùn dà sí ẹ̀gbẹ́ bí ó ti yẹ, kí ó di 10. Ní ti lẹ́tà ńlá bíi Ẹ́, IBM gé É tirẹ̀ kúrú ni kí àmì lè rí àyè; bí àwa kò bá fẹ́ gé tiwa, nǹkan bí ìpele 12 yóò tó o. Ojú aláwọ̀ kan tí IBM fúnra rẹ̀ tà fún ọ́fíìsì ní ọdún 1981 yẹn fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ilé 9 lọ́nà 14.

Ọ̀dá ti tán báyìí. Ọ̀bẹ sì ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Láti ọdún 2008 ni FontStruct ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè to ẹyọ onígun mẹ́rin di lẹ́tà láìsan kọ́bọ̀. Nítorí náà bí a bá fẹ́ fi lẹ́tà ìgbà àtijọ́ yìí kọ orúkọ ẹgbẹ́ wa sí ìwé ìkéde, kí a kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ méjì dán an wò: Ẹgbẹ́ àti ọ̀pọ̀lọ́. Èkejì le jù, nítorí ẹsẹ̀ p tí ó sọ̀ kalẹ̀ àti ìlà abẹ́ ọ ń du ìpele kan náà. Fọ́ǹtì tí ó bá kọ wọ́n láìjẹ́ kí àmì kan sọnù ni kí a lò. Èyí tí kò bá lè kọ wọ́n, kí a má ṣe gé ọ̀rọ̀ wa kúrú nítorí rẹ̀. Kí a gbẹ́ ọpọ́n mìíràn.

Ìbéèrè Crouwel ti ọdún 1967 náà ni a tún padà bá. Kare àti Licko kò tẹrí ba fún ẹ̀rọ, wọn kò sì bá a jà. Wọ́n jókòó, wọ́n ka ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì wá àyè fún ohun tí wọ́n fẹ́ kọ. Kò sí ẹni tí yóò bá wa ka tiwa. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.